Ìgò Tí Mo Fọ̀

Ọ̀rọ̀ ìgò gíláàsì kékeré kan ló gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má bínú bí ó bá ń rùn díẹ̀.

Ní Bergama, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ìlú tí wọ́n ń pè ní Pergamon nígbà ayé àwọn ará Róòmù, ìgò lọ́fíńdà kan wà tó ti lò tó nǹkan bí ọdún 1,900. Ohun kan gbẹ mọ́ ọn nínú. Cenker Atila, onímọ̀ ìwalẹ̀ ní Yunifásítì Sivas Cumhuriyet, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ha á, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́fíńdà kọ́ o! Imí ènìyàn ni, tí wọ́n po mọ́ táìmù.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Èmi ẹnjiníà, ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ á sọ èérún yẹn di oru, oru á gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan kọjá, èròjà kọ̀ọ̀kan á sì jáde ní àsìkò tirẹ̀. Coprostanol wà níbẹ̀: inú ìfun ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń ṣe é. Carvacrol náà wà, ó wà lára ohun tó ń mú kí táìmù ta sánsán. Nínú ìgò méje tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹyọ kan péré lọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú.

Oògùn ni wọ́n gbà pé ó jẹ́. Galen, àgbà oníṣègùn tí wọ́n bí ní ìlú yẹn kan náà ní ọdún 129, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń fi imí ṣe ìwòsàn. Ibi tí mò ń lọ rèé. Bí kì í bá ṣe ìwé, ẹ̀rọ á kàn wí pé "imí", á sì dákẹ́. Àwa náà á fi í ṣẹ̀rín lásán.

Ìgò àgbo ìyá àgbà mi wà lọ́wọ́ mi. Ohun dúdú kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ nígbà tí mo gbé e dé ìlú òyìnbó. Èmi alákọ̀wé, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ tónítóní, mo ki òdòdó bọ̀ ọ́! Ká tiẹ̀ ní n kò fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ wo ló máa sọ ewé tí wọ́n kọ́kọ́ ń sè, tàbí ẹni tí kò gbọdọ̀ mu ún?

N kò sọ pé gbogbo àgbo ló ń wo àrùn. N kò sì ní kí ẹnikẹ́ni mu ti Pergamon. Ohun tí mò ń bá jà ni pé ti Róòmù ń wọ mùsíọ́ọ̀mù, tiwa ń ṣàn lọ nínú sínkì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́jọ́ Sátidé mo pè é, mo mú bírò dání. Ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ṣé oògùn òyìnbó ti tán lọ́hùn-ún ni?" Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí dóńgóyárò. Ewé mẹ́ta la tíì kọ.