Ìyára Nìkan Kọ́ Ni A Fi Ń Yan Ètò Ìdáńlóòdù

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì lè gbé e mì. Ní ìlú Bìní yìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń wá ètò tí yóò máa bá a dáńlóòdù fáìlì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni mo ń gbọ́: "Gba Internet Download Manager, òun ni ó yára jù." Èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi lé e lọ́wọ́ nínú filáàṣì. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá.

Ètò náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí Windows nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 30 péré ni a sì lè fi dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni olùkọ́ yóò wá wí fún ọmọ tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ń lo Linux? Ṣé kí ó lọ ra òmíràn ni? Àwa tí a ń múra láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ohun tí a jí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá lọ́wọ́ wa?

Ìyára tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń pín fáìlì kan sí ọ̀nà púpọ̀, a sì máa kó gbogbo rẹ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí wúlò bí ó bá jẹ́ pé ibi tí fáìlì ti ń bọ̀ ni wọ́n ti ń bù ú fún ni díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa ni ó ń wọ́ bí ìgbín, garawa mẹ́wàá lábẹ́ ẹ̀rọ omi tí ó ń kán tó, tó, tó kò lè mú omi pọ̀ sí i.

Kí iṣẹ́ já lójú ọ̀nà ni ó ń pa wá lẹ́kún. Ní ọdún tí ó kọjá, mo ń dáńlóòdù àkójọ ohùn ìjálá fún iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ó ku díẹ̀ kí ó parí, iná lọ. Nígbà tí iná dé, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó tún mú un. Dátà tí mo fi owó gààrí rà ti ṣòfò. Iná nìkan sì kọ́: ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, aria2 ni èmi yàn. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Bí iṣẹ́ bá já, fáìlì kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò tíì parí, òun ni ó ń rántí ibi tí a dé. Ẹ kó méjèèjì sínú filáàṣì, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí aria2 wà, ẹ pa àṣẹ ti àkọ́kọ́ fún un, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ibi tí fáìlì ti ń bọ̀ kò bá gbà kí a bẹ̀rẹ̀ láti àárín ṣá, kò sí ètò tí ó lè gbà wá.

Wọ́n ní ó le, pé kò ní bọ́tìnnì, àṣẹ ni a ń tẹ̀ sí i. Ẹni tí ó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láàárín ìlú Bìní, kí ni yóò tún le fún un? Ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ bọ́tìnnì dandan, Motrix ń bẹ, aria2 náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ní tèmi, filáàṣì tí wọ́n gbé wá fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo ti dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.