Àkísà Àgbà ní Ẹbúté-Mẹ́ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ojú irin tuntun tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní 2021 ní aṣọ. Àkísà àgbà ń bẹ nínú ọgbà Rélùwéè ní Ẹbúté-Mẹ́ta, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 ni ó tún un ṣe ní 2010. Jaekel House ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀, èyíinì ni àwọn olùkọ́ Yorùbá, ni wọ́n ń wí pé ibẹ̀ kò kàn wọ́n.

Àwíjàre méjì ni wọ́n ní. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ rélùwéè, kí olùkọ́ ìtàn àti ti ìmọ̀ ẹ̀rọ máa bá a lọ. Èkejì ni pé ìdánwò kò ní í béèrè rẹ̀. Àwíjàre méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òtítọ́ ni pé ìjọba amúnisìn ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n la ọ̀nà náà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ọkọ̀ sì ń ná Ìbàdàn ní 1901. Kì í ṣe ìfẹ́ ará ìlú ni ó sún wọn dé ibẹ̀. Èkùrọ́, òwú àti kòkó ni wọ́n fẹ́ kó dé etí òkun. Ṣùgbọ́n àṣẹ kì í ro igbó. Ọwọ́ ta ni ó ro igbó náà? Orí ta ni ó ru irin? Bí a bá ní ti aláṣẹ nìkan ni iṣẹ́, a jẹ́ pé ti ọba nìkan ni gbogbo ààfin tí ará ìlú fi ọwọ́ mọ. Kò sí olùkọ́ Yorùbá kan tí yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ààfin. Kí ló dé tí ó fi gbà á nípa ojú irin?

Ẹ wo èdè pàápàá. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, Yorùbá kò ní orúkọ fún un, èdè náà sì gba ọ̀nà méjì. Ó yá ọ̀rọ̀: rélùwéè, tíkẹ́ẹ̀tì, gáàdì, dírẹ́bà. Nínú dírẹ́bà, fáwẹ̀lì kan wọ àárín kọ́ńsónáǹtì méjì tí Yorùbá kì í tò pọ̀, /b/ sì gba ipò ìró tí èdè náà kò ní. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì, fáwẹ̀lì parí ọ̀rọ̀ nítorí pé sílébù Yorùbá kì í fi irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ parí. Lẹ́yìn èyí, èdè náà dá tirẹ̀: ojú irin. Ojú yìí kì í ṣe ojú tí a fi ń ríran. Ojú tí ó wà nínú ojú ọ̀nà àti ojú omi ni. Àwọn ọmọdé sì sín ìró ọkọ̀ náà jẹ, wọ́n ní fàkàfìkì. Ṣé èdè tí ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí lórí ohun kan ni a óò sọ pé ohun náà kò kàn?

Lítíréṣọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Òkudù 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé ọjà ti wọ́n nígbà ogun, owó iṣẹ́ kò sì ká oúnjẹ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè wà níwájú, Michael Imoudu, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó ní 1943 tí ó sì padà ní 1945, sì ni aṣáájú wọn. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ju oṣù kan lọ. Ní ọdún náà gan-an ni Hubert Ògúńdé gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìtàgé nínú eré tí ó pè ní Strike and Hunger, eré tí àwọn aláṣẹ fi òfin dè ní Jọ́ọ̀sì. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ní orúkọ eré àti ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ibi tí ebi náà ti pa òṣìṣẹ́ hàn án rí. Ìmọ̀ orí ahọ́n ni èyíinì.

Nípa ìdánwò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àyálò, ìró èdè, àròkọ àti eré onítàgé kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń múra ìdánwò Yorùbá. Gbogbo wọn wà nínú ọgbà kan ṣoṣo.

Ẹ̀bi kò sì yọ àwọn tí ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó dé ibẹ̀, tí ó dúró níwájú ẹ̀rọ àtijọ́, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì padà sílé, kò tíì rí nǹkan kan. Francis Jaekel, tí ilé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, tí ó jáde ní 1997. Ó kọ ọ́, ó sì tọ́ sí i. Kò sí ẹni tí yóò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná, ẹni tí ń ju àsíá sí ọkọ̀, obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ta ni yóò kọ tiwọn? Èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí náà iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Kí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ yí padà, nígbà náà. Kí ọmọ mú ìwé àti gègé dání ju kámẹ́rà lọ. Kí olùkọ́ wá òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Rélùwéè kan ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó wá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá lábẹ́ igi inú ọgbà, kí àwọn ọmọ sì kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dà lè dá irin dúró kí ó má dípẹtà. Kò sí ọ̀dà tí a lè fi kun àgbàlagbà.