A Mú Ẹṣin, A Fi Ilẹ̀ Sílẹ̀

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn tí ń ṣe fíìmù Yorùbá rò, n kò sì ní fi epo bọyọ̀ nínú rẹ̀. Fíìmù ayé àtijọ́ ti gba ìgboro kan. Agẹṣinkólé jáde ní 2022, Aníkúlápó tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, Jagun Jagun dé ní 2023, Lísàbí sì dé ní 2024. Ẹṣin ń sáré, idà ń kọ mọ̀nà, gbẹ̀du ń dún, èdè sì dùn létí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ tàbí lórí òwe; iṣẹ́ ọpọlọ ni, owó ńlá sì bá a lọ. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni pé àtijọ́ inú àwọn fíìmù wọ̀nyí kò ní ẹnubodè. Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jáde nínú rẹ̀ sí òde òní. Bí iná bá ti tàn nílé sinimá, ó parí. Olúkúlùkù á wọ dáńfó padà sí Ìkòtún tàbí Ìgándò, bí ẹni pé ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán kò bá tirẹ̀ tan rárá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó ni fíìmù kaobọ́ì, ẹṣin, fìlà àti ìbọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì mọ̀ mọ́ ọn. Ní 1966, Moustapha Alassane, ọmọ ilẹ̀ Niger, ti fi èyí ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ nínú fíìmù kékeré kan: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ kaobọ́ì wá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ tán ni abúlé kò tòrò mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ fìlà náà kúrò, kí ni ó kù nínú fíìmù kaobọ́ì? Ilẹ̀ ni. Ta ni ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀? Ta ni ó lé onílé kúrò? Ta ni ó ń fi ọgbà yí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ká, òfin wo ni ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú irú wọn ni Lone Star, tí John Sayles kọ tí ó sì darí ní 1996. Ní ìlú kan lẹ́bàá ẹnubodè Texas àti Mexico, wọ́n rí egungun òkú nínú aṣálẹ̀, báàjì ọ̀gá ọlọ́pàá sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Sam Deeds, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó wà lórí oyè, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ìwádìí náà sì ń darí sí ẹsẹ̀ baba rẹ̀ tí ó ti kú, ẹni tí ìlú ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe ya á. Àgbàlagbà kan á jókòó nídìí tábìlì, á máa ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Kámẹ́rà á rọra yí kúrò lójú rẹ̀, á bá orí tábìlì lọ, nígbà tí yóò bá fi gbójú sókè, àwọn ará 1957 ni yóò bá nídìí tábìlì kan náà. Wọn kò gé àwòrán náà. Àná àti òní jùmọ̀ ń jẹun nínú yàrá kan.

Kí ni èyí kàn wá? Ẹ bá mi dé Alímòṣọ́. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ju 2,000,000 lọ. Èyí tí ó wù kí a gbà, ilẹ̀ Àwórì ni wọ́n ń tẹ̀. Ìtàn wọn ni pé Ọlọ́fin ti Ifẹ̀ wá, ó ń tẹ̀ lé àwo kan lójú omi títí àwo fi rì. Títí di òní, orúkọ Ọlọ́fin ṣì wà lára orúkọ Ìṣẹrí. Ní 1907, J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Agége, ìtòsí wa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá kọ́lé: Gowon Estate, Shagari Estate, orúkọ olórí ìjọba méjì lórí ilẹ̀ oko. Lónìí, ẹni tí ó bá ń rìn láti Ìdímù lọ sí Ìgándò á rí i lára ògiri, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ á sanwó fún ẹbí kan, ẹbí kejì á yọjú. Á san owó ìpìlẹ̀, á san owó dẹ́kì, á san owó òrùlé fún ọmọ onílẹ̀ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n tí ó ń fi àdá jẹ́rìí sí ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ọ̀ràn. Síbẹ̀, ọ̀dà kò tíì tán lọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí á wá lọ sí kóòtù. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ní 1976, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í gba ìtàn sáfẹ́fẹ́. Ẹbí náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó tẹ ibẹ̀ dó, bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti gbogbo ẹni tí ilẹ̀ náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá títí ó fi kan àwọn tí ó dúró níwájú adájọ́. Bí wọ́n bá fo ẹnì kan, ìtàn ti já nìyẹn. Ohun tí Sayles fi kámẹ́rà ṣe gan-an ni òfin wa ń béèrè lọ́wọ́ bàbá arúgbó tí kò mọ̀wé: kí ó so àná mọ́ òní, kí ó má gé e. A kò béèrè ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní kámẹ́rà. Àtijọ́ tí a tì pa bí àpótí sì ni ọjà oníjìbìtì. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, òun nìkan ni yóò máa sọ ọ́ fún wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sì tà á.

Kì í ṣe pé a kò ní ẹni tí ó lè ṣe é. Ní 1993, Túndé Kèlání darí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé wa, kọ. Ìjòyè kan àti àwọn agbódegbà rẹ̀ ta ilẹ̀ àwọn baba ńlá, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri nínú ayé mọ́tò àti iná mànàmáná. (Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Èkó á rántí Amodu Tijani Olúwa, ìjòyè tí ó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì jàre ní 1921. Tirẹ̀ náà tó fíìmù ṣe, mo ń retí.) Nínú fíìmù Kèlání yìí, àwọn òkú kò gbé ìlú tiwọn lọ́tọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń dunàádúrà lé lórí ni wọ́n wà.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọ́n á ní ojú ará ìlú ti rí òní tó, kí a jẹ́ kí ó fi àtijọ́ sinmi. Ṣé ìsinmi ni orí tí wọ́n ń bẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù dé òpin? Wọ́n á tún ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ léwu, pé ọmọ onílẹ̀ lè wá ká ènìyàn mọ́lé. Èyí jẹ́ òótọ́, n kò ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, wọn kò dárúkọ ológun kankan. Jogbo ni wọ́n pe ìlú náà, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ibi tí Jogbo wà.

Ẹ gbé kámẹ́rà wá sí òpópónà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kò ní ná yín ní owó ẹṣin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ògiri tí wọ́n kọ̀wé sí, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gba ara búlọ́ọ̀kù, gba ibi tí ìpìlẹ̀ ti wọlẹ̀, ẹ má gé e, títí ẹ ó fi bá ẹni tí ń kọ ebè níbẹ̀ kí ilé tó wà. Ẹ bi í ẹni tí ó fún un nílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán.