ÌWỌ̀N ÀDÚGBÒ ÀTI IṢẸ́ ÀJỌṢE NÍ ILẸ̀ OKUN

Ó ti pẹ́ tí ọ̀ràn yìí ti wà lọ́kàn wa: kíni ìdí rẹ̀ tí iṣẹ́ àjọṣe fi nyá ní abúlé, tí ó sì nfà ní ìlú nlá?

Kì íṣe ọ̀ràn titun ní ilẹ̀ Okun. Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò fi ìgbà kan wà lábẹ́ ọba kan ṣoṣo. Ìlú kéékèèké ni nwọ́n tẹ̀dó, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Kàbà fúnrarẹ̀ pín sí mẹ́ta: Kàbà, Katu àti Odolu. Irú ìjọba kékeré báyìí ni Adé Ọbáyẹmí kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1976, kò sì fi ojú yẹpẹrẹ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àáró. Bí àgbẹ̀ mẹ́fà bá dá a, tí nwọ́n nti oko ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, ẹni tí ó bá fi ara pamọ́ kò ní ibi tí yíò sá sí: ebè tí kò kọ ni gbogbo ojú yíò rí, bí ó bá sì kan oko tirẹ̀, òun nìkan ni yíò di ọkọ́ mú. Ṣùgbọ́n bí nwọ́n bá di ọgọ́ta, àkókò ebè yíò ti kọjá kí ó tó kan ẹni ìkẹhìn, ọ̀lẹ yíò sì rí ẹ̀hìn púpọ̀ fara pamọ́ sí. (Àwa pẹ̀lú ti rí irú ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀, a sì ti bá a jẹun.)

Ní ọdún 2006, Hisashi Ohtsuki, Martin Nowak àti ẹlẹgbẹ́ wọn méjì fi ìṣirò wá ìdí ọ̀ràn yìí. Nwọ́n rí i pé ìrànlọ́wọ́ a máa fìdí múlẹ̀ bí èrè tí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ jẹ bá ju ìnáwó ẹni tí ó rànlọ́wọ́ lọ ní ìlọ́po tí ó pọ̀ ju iye àwọn aládùúgbò tí ẹnìkan ní. Bí èrè bá jẹ́ ìlọ́po márùn-ún, aládùúgbò mẹ́rin kò ní bà á jẹ́; bí nwọ́n bá di mẹ́wàá, ó di iyèméjì. Ìṣirò lásán ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ aláàáró kò ní jiyàn rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá nyin kékeré nìkan ti gbàgbé ìtàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbàtí àwọn Tápà láti Bídà nkó ènìyàn lẹ́rú, ìlú kan ṣubú, òmíràn tẹ̀lé e, nítorí olúkúlùkù ndá jà; ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gun orí òkè lọ. Ọdún 1897, tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kàbà, tí nwọ́n sì kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà, ni ìpọ́njú náà tó rọlẹ̀.

Nítorínáà, ohun tí a mbẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ìlú fún nìyí. Owó tí a ndá fún gọ́tà àti kànga, kí a máa dá a ní agbolé-agbolé, kí àwọn tí ó dá a sì fi ojú ara wọn rí ibi tí a ná an sí. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ ojú ọ̀nà àti ti oko kì íṣe ẹrù agbolé kan. Kí agbolé kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì sí ìgbìmọ̀ kan tí yíò so Kàbà, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà pọ̀. Tani yíò kọ́kọ́ pe ìpàdé náà?