Onímọ̀-Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Bá Bíríkìlà Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láti 1981 ni Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Àkúrẹ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì ń lò láti 2023 sọ ọ́ di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti mọ bí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ènìyàn sọ̀rọ̀. A kò bá èyí jà. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé àdéhùn iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò po iyanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì? Bíríkìlà ni. Bí onímọ̀-ẹ̀rọ kò bá lè là á yé e ní Yorùbá ìdí tí a fi ń bu omi rin kọnkéré fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kọnkéré yóò yára gbẹ, agbára rẹ̀ yóò sì dín. Orí ta ni ilé aláìlágbára ń wó lé? Orí àwa ará ìlú ni!

Àwọn kan ní Yorùbá ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Irọ́ ni! Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní 2025 ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé ìlànà 2022 tí ó gbé èdè abínibí ga.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá wà ní Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó. Àkúrẹ́ kò jìnnà sí wọn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì pawọ́ pọ̀! Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ́fíìsì, kí ó sì kọ́ èdè ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà.