Ohun Tí A So Mọ́ Ìbọn Aṣọ́lé: Èwo Ni Ó Wúlò, Èwo Ni Àṣejù?

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Apátí ni ẹ̀yà kékeré tí ń mú kí iná ràn mọ́ ẹtù nínú ìbọn ayé àtijọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, igi àti irin lásán ni ìbọn. Síbẹ̀, ẹni tí a bá dojú ìbọn kọ kì í dúró yẹ apátí wò kí ó tó sá. Mo fi òwe yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ ara ìbọn ni a fẹ́ sọ lónìí: èwo nínú ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ìbọn, èwo ni a kàn fi kún un, kí sì ni àfikún náà ń ṣe fún ẹni tí ó gbé e.

Ní agbègbè wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Agbamu dé Èsìẹ́ títí dé Òmù-Àrán, ẹni tí ó bá bá àwọn ọdẹ pàdé ní àṣálẹ́ yóò rí i pé ìbọn kò rí bí ó ti máa ń rí mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi rọ́bà àti okùn de tọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹnu ìbọn. Òmíràn ní iná pupa tóńtó tí ń tọ́ka sí ibi tí ọta yóò bá. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ tòsí, irú èyí tí wọ́n rí nínú àwòrán àwọn ọmọ ogun òkè òkun. Àwọn àgbà ọdẹ ń wò wọ́n, wọ́n ń mi orí. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń dáhùn pé ayé ti yí padà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àríyànjiyàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì pa Olúkòrò, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ológun kí ó tó gorí ìtẹ́ àwọn bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n kọlu Òkè-Òde ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú jẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó tí ó jáde láti gba ìlú wọn sílẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, tí wọ́n wọ ilé ìjọsìn CAC kan ní Èrúkù níbi tí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ inú igbó lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni a tó gbọ́ pé a ti gba ènìyàn 38 padà. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá ń ronú nípa ìbọn. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n Kwara kò sí nínú wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni àwa náà. Nítorí náà, ọwọ́ ọdẹ ilé àti ẹ̀ṣọ́ ìlú ni ọ̀pọ̀ abúlé wa ń wò.

Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ pé àwọn bàbá wa kò so nǹkan mọ́ ìbọn. Wọ́n so ó púpọ̀. Òǹdè wà lára ìbọn, owó ẹyọ wà lára okùn ìgbékọ́ èjìká, awọ ẹran wà ní ìdí rẹ̀, aṣọ pupa sì lè wà ní ọrùn rẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ wò wọ́n, a ó rí i pé irú méjì ni wọ́n. Awọ tí a fi bo ibi tí ẹtù wà ń gbà á lọ́wọ́ òjò àti ìrì. Wáyà tí alágbẹ̀dẹ fi de irin mọ́ igi kì í jẹ́ kí irin já kúrò lára igi nígbà tí ìbọn bá dún. Okùn èjìká ń fún ọdẹ ní ọwọ́ méjèèjì láti fi la igbó. Wọ̀nyí ni iṣẹ́. Òǹdè àti owó ẹyọ jẹ́ ti ọkàn ẹni tí ó gbé ìbọn: wọ́n ń rán an létí Ògún àti ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́, wọ́n sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé òǹdè ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó so ó mọ́ ìbọn mọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án, ó sì mọ irú ìwà tí yóò ba agbára rẹ̀ jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì àti iná pupa kò ní èèwọ̀ kankan. Owó nìkan ni a fi ń rà wọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ tó láàrin wa, kí ó lọ sí Èsìẹ́. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ọdún 1933 ni Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ayé ìjọba òyìnbó, kọ ìròyìn nípa wọn, ọdún 1945 ni a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́ fún wọn, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ère kan wà níbẹ̀ tí ó di ohun ìjà mú. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nípa wọn ni pé orí àti ọrùn ni agbẹ́gilére, tàbí kí a pè é ní agbẹ́kùúta, kó ẹwà sí: irun dídì oríṣiríṣi, ìlẹ̀kẹ̀, ilà ojú. Ohun ìjà ọwọ́ wọn kò ní ọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ ogun ni wọ́n fi kọ́ wa o. Mo kàn ń sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí ilẹ̀ Ìgbómìnà bá Èkìtìparapọ̀ kẹ́gbẹ́ láti bá Ìbàdàn jà nínú ogun Kírìjì, tí ó parí ní ọdún 1886, àyípadà kan dé bá ìbọn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ rárá. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tí a ń ti ìdí kì ránṣẹ́ sílé. Ṣakabùlà ni ẹnu ni a ti ń kì í: a ó da ẹtù, a ó ti òwú, a ó fi ọta sí i, a ó fi ọ̀pá gún un, ọ̀tá kò sì ní í dúró kí a ṣe tán. Ìbọn tuntun yìí gé gbogbo ìyẹn kúrú. Àwọn ará Ìbàdàn, tí ó ti ń borí láti ọdún púpọ̀, wá rí i pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí a ti ń tún ọta kì ni ó yí ogun náà padà.

Òfin pàápàá mọ èyí. Òfin Nàìjíríà lórí ìbọn, ti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi òfin dè: ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ìléwọ́ àti àwọn mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò lè ní àfi bí Ààrẹ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ti ìkejì ni ìbọn ti ara ẹni, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ọdẹ ń lò wà níbẹ̀. Ti ìkẹta ni ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, irú ṣakabùlà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀ kúrò nínú ìkejì: èyí tí ó ní ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ń bá ènìyàn tún ọta kì. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìbọn tí ẹ ń pè ní pump-action, tí ẹ ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn síwájú kí ọta mìíràn lè bọ́ sí i, wà nínú èyí tí a yọ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù gba 661 irú rẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún gba 1,100 ní èbúté Tin Can. Ọ̀pọ̀ ló ti wọlé láìsí ẹni tí ó mú wọn. Ẹni tí ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí tọ́ọ̀ṣì ẹnu ìbọn, tí ìbọn náà fúnra rẹ̀ kò sì bá òfin mu, ń fọ aṣọ ní etí òkun ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí tọ́ọ̀ṣì náà, nítorí pé òun ni ó ṣòro jù. Iná wúlò. Ẹni tí ó bá yìnbọn nínú òkùnkùn láìrí ohun tí ó yìn ín sí ti ń ṣe ohun tí ọdẹ gidi kì í ṣe. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ọdẹ ń kọ́ ni pé kí ó dá ohun tí ó wà níwájú mọ̀ kí ó tó fa ìbọn. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi gba àtùpà kábáìdì lọ́wọ́ òyìnbó láìjanpata, tí wọ́n sì gbé e lé iwájú orí. Pẹ̀lú iná iwájú orí, ojú ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Ìbọn wà ní èjìká. Ọdẹ yóò rí ojú ẹran tí ń kọ mànà, yóò mọ̀ bóyá èkùlù ni tàbí ewúrẹ́ ará ilé, kí ó tó gbé ìbọn sókè. Tọ́ọ̀ṣì tí a dè mọ́ ẹnu ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí a lè fi í wò láìjẹ́ pé a dojú ìbọn kọ ọ́. Bí ariwo bá dún ní ẹ̀yìnkùlé ní òru, tí baálé ilé dìde láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìyàwó rẹ̀ tí ó jáde lọ pọn omi, ọmọ tí ó lọ tọ̀, àlejò tí kò mọ ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ni yóò dojú ìbọn kọ kí ó tó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìka rẹ̀ sì ti wà níbi tí a ń fà. Nínú oko ọdẹ, ó lè jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni iná náà máa kọ́kọ́ bá.

Iná pupa tóńtó àti awò kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Awò dára fún ẹni tí ń yìnbọn sí ohun tí ó jìnnà gan-an. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ kò lọ jìnnà, àgbàlá àwọn ilé wa kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ti iná pupa, ẹni tí ó mọ ìbọn rẹ̀ kò nílò rẹ̀, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n yóò gbẹ́kẹ̀ lé e jù.

Àwọn ọ̀dọ́ ní èsì kan tí mo gbọ́dọ̀ fún ní ọ̀wọ̀. Wọ́n ní AK-47 ni àwọn agbébọn ń gbé wá, kí ni a fẹ́ kí àwọn fi ṣakabùlà ṣe? Ìbéèrè yìí kan náà ni Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà náà, gbé dìde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí ó ní kò bójú mu kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ kan máa lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kí a sì fi í du Àmọ̀tẹ́kùn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba àti òfin ni, kò sí tọ́ọ̀ṣì tàbí awò tí yóò yanjú rẹ̀. Ṣakabùlà tí a so iná mẹ́ta mọ́ ṣì ni ṣakabùlà. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni ìgboyà ẹni tí ó gbé e, ìgboyà yẹn sì lè gbé e lọ sí ibi tí ìbọn rẹ̀ kò lè gbé e padà.

Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tí ń bọ̀ tó dé, tí igbó yóò gbẹ, tí ọ̀nà yóò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni ibi, ó yẹ kí àwọn olórí ọdẹ ní Agbamu àti àwọn ìlú àyíká pe ìpàdé, kí olúkúlùkù gbé ìbọn àti ìwé àṣẹ rẹ̀ wá. Kí wọ́n yẹ okùn èjìká wò bóyá ó ti gbó. Kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tí ọdẹ yóò máa pè sí ọdẹ ní òru, kí àwọn obìnrin àti ọmọdé inú agbo ilé náà sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tú gbogbo tọ́ọ̀ṣì tí ó wà lẹ́nu ìbọn, kí wọ́n sì dè é padà mọ́ iwájú orí.