Àga Tí Kì Í Gbóná

Láìka ìjà ilẹ̀ àárín wọn sí, ilé Ìfọ́n àti ti Ìlobùú sún mọ́ra débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ìlú kan parí sí. Ṣùgbọ́n àjọ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni wọ́n ní: ti Orolú fún Ìfọ́n, ti Ìrẹ́pọ̀dùn fún Ìlobùú. Méjèèjì wà lábẹ́ SUBEB ní Òṣogbo, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2004 ti là á sílẹ̀.

Gómìnà ló ń yan ìgbìmọ̀ SUBEB. Ẹni tí òṣèlú bá sì gbé gorí àga, òṣèlú lè gbé e kúrò. Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún ètò ilé-ìwé Ọ̀ṣun tò. Oyètọ́lá dá a padà ní 2020. (Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́!) Nígbà tí Adélékè gorí oyè ní oṣù Kọkànlá 2022, ó fagi lé ìyànsípò àti ìgbanisíṣẹ́ tó wáyé láti ọjọ́ 17 oṣù Keje.

Ìjọba tuntun lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣàtúnṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n olórí ẹ̀kọ́ nílò àkókò kí ó tó mọ ọ̀gá ilé-ìwé tí kì í tètè dé. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n a mú un kúrò, ẹlòmíràn a tún bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D.

Ní ọ̀pọ̀ agbègbè Amẹ́ríkà, aráàlú ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Òṣèlú ń lé ọ̀gá níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òbí mọ ẹni tí yóò bi. Bí òrùlé kíláàsì bá ṣí ní Ìfọ́n, Òṣogbo ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ń lọ, ẹni tí a kọ ọ́ sí sì lè ti kúrò lórí àga kí ó tó débẹ̀.